Ẹni Tó Ń Dáná Ni Kó Ka Ẹni Tó Ń Jẹun

“Ẹ káàárọ̀ o, Afínjú,” ni ẹ̀rọ ìkànìyàn wí.

Baba Lápàdé, tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ bọ̀ lórí afárá pákó, dúró, ó sì dá a lóhùn bí ó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò tíì ṣe tán. Iná aláwọ̀ ewé tó wà níwájú rẹ̀ ṣẹ́jú, ó tún ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.” Ó kí Eyínfúnjowó. Ó kí Akọ̀wé. Baba wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹlòmíràn ní èbúté Ìdí-Àgbọn láàárọ̀ yẹn àfi òun àti ìyàwó àbúrò rẹ̀, Honọ́rébù Iyùnadé, tó gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, tó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Ilé Aṣòfin.

“Àwọn wo ló ń kí yìí, ìyàwó mi?” ni Baba bi í. “Àbí òkú wà lẹ́yìn mi ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Iyùnadé. Ikùn Baba ti ṣáájú rẹ̀ dé èbúté, eyín méjì péré ló sì kù lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń pè é ní ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dé ọ̀fun, ó dúró síbẹ̀. Ó mọ àwọn orúkọ yẹn. Afínjú ni ìyálé ilé ń pe Baba láti ọjọ́ tó ti wọlé. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ ti ìyàwó kejì nínú agbo ilé náà, Eyínfúnjowó jẹ́ ti ẹ̀kẹta. Akọ̀wé, òun Iyùnadé gan-an ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí Baba bá a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Kálukú a wò wọ́n, a sì sọ wọ́n ní ohun tó bá wù ú.

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀rọ náà fi yadi. Ó wà lórí òpó rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń kó orúkọ pa mọ́ sínú ara rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá fún un ní ahọ́n. Wọ́n ní kí ó lè máa kí àwọn ará ìlú ni, kí ara lè tù wọ́n.

Baba kan ṣoṣo. Ènìyàn mẹ́rin.

Iyùnadé bojú wẹ̀yìn. Odi dúró lẹ́yìn ìlú, ó ga ju igi àgbọn lọ, ó ń dún hùn-ún hùn-ún bí ilé oyin. Kì í ṣe odi òkúta. Iná ló nà án ró. Bí iná bá kúrò lára rẹ̀, yóò tẹ̀ balẹ̀ bí ewé kókò tí òjò pa. Lẹ́yìn odi ni òkun wà, òkun náà sì ti ga ju òrùlé ilé wọn lọ. Ládépò, ọkọ rẹ̀, ti wà nínú yàrá ẹ̀rọ lábẹ́ odi láti ìdájí, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Akọ̀wé mi, mo ń lọ o.”

“Lọ ire, bọ̀ ire,” ni Baba wí. “Kí o sì bá wa bi ìjọba léèrè ohun tí wọ́n fi sínú ìkòkò yìí.”

Tóyọ̀sí, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, ti jókòó sínú ọkọ̀ kí Iyùnadé tó wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ náà kò ní atukọ̀. Oòrùn ló ń jẹ, ó sì mọ ọ̀nà ara rẹ̀. Kí wọ́n tó yí kọ́nà àkọ́kọ́, Iyùnadé ti ro ẹjọ́ náà tán fún un, ó sì ní kí ó ṣí ìwé orúkọ Ìdí-Àgbọn sójú wáláà. Tóyọ̀sí kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ó wo agbo ilé tirẹ̀. Òun ti kọ àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń hun àwọ̀n sílẹ̀ ní Ìbàdíàrán. Orogún rẹ̀ ti kọ obìnrin kan náà sílẹ̀ ní Adúmáradán.

“Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé tiwa nìkan,” ni Tóyọ̀sí wí.

Kò sí èyí tó gba èyí gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti agbo ilé dé agbo ilé. Kò sí ẹni tí Iyùnadé kò mọ̀ ní Ìdí-Àgbọn, nítorí náà iṣẹ́ náà yá. Bí ó bá ti dárúkọ, Tóyọ̀sí a fi ìka pa á rẹ́. Arẹwà àti Onígèlè, ọ̀kan ni wọ́n. Baba Kékeré, Olójú-Ẹyẹlé àti Ajíbáṣọ, ọ̀kan ni wọ́n, ó sì tún wà níbẹ̀ lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n parí, ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà nínú ìwé ti di irinwó ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Tóyọ̀sí gbé wáláà náà dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kó sùn.

Òfin náà kò ṣòro láti lóye. Ibi tí kò bá pé ẹgbẹ̀ta ènìyàn kò lè ní àga nílé aṣòfin, ibi tí kò ní àga kò ní iná odi. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni aṣòfin kọ̀ọ̀kan máa gbé ọwọ́ lé àwo ẹ̀rí láti sọ pé iye tí ẹ̀rọ kà ní ìlú òun ni iye tí òun mọ̀.

Ohun tó ń ta Iyùnadé lọ́kàn jù lọ ni pé òun ló bí ọmọ tó fẹ́ pa òun jẹ yìí. Kó tó di aṣòfin, ẹja ló ń yan. Nígbà náà, ọkùnrin ló máa ń ka ará ilé fún ìjọba. Wọn a dúró síta gbangba, wọn a ka àwọn tí wọ́n bá rántí, wọn a sì gbàgbé opó tó wà lẹ́yìn ilé, wọn a gbàgbé ìyá arúgbó tí kì í jáde. Iyùnadé ló wí láàárín èéfín ẹja pé ẹni tí kò dáná kò lè mọ iye ẹnu tó ń jẹun. Àwọn obìnrin gbé ọ̀rọ̀ yẹn ká orí omi, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì gbé e wọ ilé aṣòfin. Àbá àkọ́kọ́ tó gbé kalẹ̀ níbẹ̀ di òfin: ẹni tó ń dáná ni kó ka ẹni tó ń jẹun. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn ilé náà. Ìyá Ìdáná ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é láti ìgbà yẹn, ó sì ti wọlé lẹ́ẹ̀mẹta lórí orúkọ náà.

Gbogbo ìyàwó lórí omi àti lórí ilẹ̀ ló dúró níwájú ẹ̀rọ, tí wọ́n ka ẹni tó ń jẹun. Kò sì sí ẹni tó rántí ohun tí ẹnu ìyàwó kì í ṣe.

“Ó yẹ kí n mọ̀,” ni Iyùnadé wí. “Èmi náà dúró níbẹ̀, mo ní Akọ̀wé. Ahọ́n mi kò tilẹ̀ kọsẹ̀.”

“Mà, ẹ gbọ́,” ni Tóyọ̀sí wí. Ó fà mọ́ ọn bí ẹni pé ọkọ̀ náà ní etí. Ó rọ̀ ọ́ títí. Ó ní àwo ẹ̀rí kì í mọ irọ́, ó kàn ń pa á mọ́ ni. Ó ní kí ó gbé ọwọ́ lé e, kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n tún ìwé náà ṣe díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wá ènìyàn kún un. Ọmọ yóò bí. Ọmọ tó lọ yóò dé.

“Igba ó dín mẹ́rin ọmọ?” ni Iyùnadé bi í.

Ọkọ̀ ti ń kọjá lórí Ìdí-Ọsàn. Omi mọ́ gaara níbẹ̀, bí ènìyàn bá sì wolẹ̀ yóò rí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ àti fèrèsé tí ẹja ń gbà wọlé, gbà jáde, bí ọmọ iléèwé tí kò rójú jókòó. Ní ìkọjá rẹ̀, àádọ́ta ọkọ̀ ni wọ́n so mọ́ra. Wọ́n sá aṣọ sórí okùn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Obìnrin kan ń gún nǹkan nínú odó, ó gbójú sókè, ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí àwọn ará Ìdí-Ọsàn ti ń gbé orí omi. Ẹni tí kò ní àga kò ní èbúté.

Aṣòfin wọn nígbà náà mọ̀ pé wọn kò pé mọ́, ó sì gbé ọwọ́ lé àwo pé wọ́n pé. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni àṣírí tú. Bí aṣòfin bá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ìlú mìíràn lè gba àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá purọ́, àyè yẹn ti dí. Ṣùgbọ́n Iyùnadé mọ̀ pé ìlú márùn-ún mìíràn ti jẹ́wọ́ ṣojú òun, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó dìde gba ọ̀kan nínú wọn. Ta ló fẹ́ pín iná odi rẹ̀?

Ó wo àwọn aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn títí wọ́n fi dàbí labalábá, títí wọn kò fi sí mọ́.

Ilé Aṣòfin wà lórí òkè, òógùn sì bo gbogbo àwọn aṣòfin kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn rẹ̀ tán. Honọ́rébù Kúforíjì ti Orí-Àpáta dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Wọn kò fẹ́ràn ara wọn. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí Ìdí-Àgbọn bẹ̀bẹ̀ fún òkúta láti fi ti yàrá ẹ̀rọ lẹ́yìn, tí Orí-Àpáta tó jẹ́ kìkì òkúta sì kọ̀, Iyùnadé pè é ní Olókùúta-Àyà nígbangba ilé. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn.

“Ìyá Ìdáná,” ni Kúforíjì wí. “Ojú yín rí bíi ti ẹni tó gbàgbé iyọ̀.”

Ó dá a lóhùn pé iyọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, nínú òkun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Abẹnugan ilé, bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ohùn rẹ̀ kò sì tíì gbọ̀n, ń pe ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣòfin a dìde, a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwo gíláàsì, a sọ gbólóhùn kan, a padà jókòó. Kò ju ìmí mẹ́ta lọ. Iyùnadé ń ka ìlú tó kù kó kàn án. Mẹ́fà. Mẹ́rin. Ó rántí pé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ ìkànìyàn ní ìpínlẹ̀ náà ló ń gbé e jáde ní èbúté. Àwọn ará ilé yóò máa gbọ́. Ọ̀kan. Wọ́n pe Ìdí-Àgbọn.

Àwo náà tutù lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ dúró sókè, kò fi kàn án. Ó rí odi nínú ọkàn rẹ̀, ó rí igba ènìyàn tí kò sí tí wọ́n to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn rẹ̀, Arẹwà, Onígèlè, Ajíbáṣọ, wọ́n fi èjìká tì í kí òkun má bàa wọlé. Èjìká wọn jẹ́ afẹ́fẹ́. Ládépò jókòó sábẹ́ rẹ̀.

“Honọ́rébù, a ń dúró dè yín,” ni Abẹnugan wí.

“Iye tí ẹ̀rọ kà kọ́ ni iye tí mo mọ̀,” ni Iyùnadé wí. “Irinwó ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá.”

Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Abẹnugan rán an létí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ẹni tó bá ta ko ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dárúkọ gbogbo ẹni tó fẹ́ yọ, kí ó sì sọ ìdí. Ó bi í bóyá ó fẹ́ jókòó kó tún un rò. Iyùnadé ní òun ti rò ó lójú omi. Ó gba wáláà lọ́wọ́ Tóyọ̀sí.

Agbo ilé tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn.

“Afínjú, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé,” ló kà. “Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Orúkọ rẹ̀...”

Ahọ́n rẹ̀ dúró. Ọdún méjìlélógún ni ó fi bá ọkùnrin náà jẹun lójúlé kan, kò pè é rí. Ó mọ̀ pé ó wà ní èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Orúnkún Iyùnadé tẹ̀ fúnra rẹ̀ níwájú àwo ẹ̀rí, orí ìkúnlẹ̀ náà ló sì ti sọ ọ́.

“Adéwọ̀lú.”

Àwọn obìnrin tó jókòó lókè láti wòran gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó ń kà lọ. Ìyàwó yìí sọ ọ́ báyìí, ìyàwó yẹn sọ ọ́ báyìí, orúkọ rẹ̀ gan-an nìyí. Ó pe ìyá ọkọ, ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó pe àbúrò ọkọ, ó sì kúnlẹ̀ fún gbogbo wọn títí orúnkún rẹ̀ fi ń ta á. Nígbà tó máa fi dé ìdajì, ó ṣàkíyèsí pé ìkùnsínú ti dáwọ́ dúró nínú ilé. Ó gbójú sókè. Àwọn aṣòfin kò wo òun mọ́. Kálukú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ti gbé e lé àwo ń nù ún mọ́ aṣọ.

Gbogbo wọn ló ní ìyàwó nílé. Gbogbo wọn ló ní orúkọ.

Nígbà tó parí, ó gbé ọwọ́ lé àwo. Iná tó ń tàn sí orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn àga rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mọ́kànlá tán. Òṣìṣẹ́ ilé kan sì dojú ìgò omi tí wọ́n fi ń ka àkókò kọlẹ̀ lórí tábìlì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Abẹnugan bi wọ́n bí òfin ṣe ní kí ó béèrè: ta ni yóò gba Ìdí-Àgbọn mọ́ra?

Iyùnadé dúró níbi tó wà, nítorí kò ní àga mọ́ tí yóò padà sí. Omi dé ìdajì. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo òrùlé. Omi ku ìka mẹ́ta. Ó rí aṣọ lórí okùn. Ó rí ara rẹ̀ tó ń gún nǹkan nínú odó lórí omi, tó gbójú sókè wo ọkọ̀ tó ń kọjá.

Àga kan dún. Kúforíjì ti dìde.

“Abẹnugan, ẹ má fi ojú aláàánú wò mí,” ló wí. “Orí-Àpáta ló kàn láti gbé ọwọ́ lé àwo. Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlá ni ẹ̀rọ kà wá. Nílé wa, orúkọ márùn-ún ni àwọn ìyàwó ń pè mí, mo sì fẹ́ràn gbogbo wọn.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. “Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti kúnlẹ̀, mi ò mọ iye tí a jẹ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí Ìdí-Àgbọn máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa.”

Abẹnugan ní ọdún kan ni òfin gbà fún un kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, orúkọ tuntun kan ni wọn yóò sì fi kọ ìlú méjèèjì pa pọ̀ sínú ìwé, kí omi tó tán. Ó bi Kúforíjì ní orúkọ náà.

“Ìyàwó ló ń wọlé, Abẹnugan,” ni Kúforíjì wí. “Ẹ bi ìyàwó ohun tó máa pè wá. Kó má ṣáà ti jẹ́ Olókùúta-Àyà mọ́.”

Omi ku ìka kan. Iyùnadé la ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti pe orúkọ tó pọ̀ jù lọ́jọ́ kan, ó dà bí ẹni pé gbogbo orúkọ ayé ti tán lẹ́nu rẹ̀. Tó. Tó. Ó gbìyànjú láti wo Orí-Àpáta bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ará ilé ọkọ láti abẹ́ ìbòjú, ọ̀nà tí kò gbà wò ó rí. Ó rí i láti ọ̀nà jíjìn, láti ojú omi, bí ó ṣe máa ń rí i láàárọ̀ tí ìkúukùu bá ró mọ́ ọn ní ìbàdí: ìlú gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì tutù rí.

“Agùntáṣọọ́lò,” ló wí.

Akọ̀wé ilé kọ ọ́. Omi kán lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì kán mọ́.

Nígbà tó jáde sórí àtẹ̀gùn, oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ké nínú àpò. Baba ni, mímí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré.

“Ìyàwó mi, gbogbo èbúté ló gbọ́ ọ,” ni Baba wí. “Ìkòkò yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi báyìí, lẹ́ẹ̀kan péré. Adéwọ̀lú ló pè mí. Mo ṣe bí ìyá mi ni.” Ó tún ní, “Tí o bá dé, Akọ̀wé ni kí o pè mí o. Má dán ìyẹn wò mọ́.”

“Mo gbọ́, Akọ̀wé mi,” ni Iyùnadé wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé odi ṣì ń dún?”

Iyùnadé gbọ́ ọ̀pá Baba lórí pákó, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ síhà ẹ̀yìn ìlú, ó dúró, ó tún ń lọ. Ó dúró pátápátá. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fẹ́ sí i létí. Iyùnadé tẹ ẹ̀rọ náà mọ́ etí títí ó fi dùn ún.

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ọ, láti ọ̀nà jíjìn, hùn-ún hùn-ún, bí ilé oyin. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níbi tó wà. Kò gbé ẹ̀rọ náà kúrò létí.